Ẹjọ́ Áàpù àti Fóònù Bàbá Gamkalley

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Yínká ṣe gbọ́n tó, ẹ má wulẹ̀ bi ẹlòmíràn léèrè. Òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o, ọmọ náà gbọ́n lóòótọ́. Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Maourey, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ilé-ìwé Faransé ló lọ, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yanjú, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun nìkan ló jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún oṣù márùn-ún tó fi ṣe áàpù kan jáde. Ó sọ ọ́ ní Ìrántí. Iṣẹ́ tí Ìrántí ń ṣe kò lọ́jú pọ̀: bí àkókò oògùn àgbàlagbà kan bá tó, á dún lórí fóònù rẹ̀, á sì sọ ní Yorùbá, ní Haúsá tàbí ní Zarma pé, "Ẹ lo oògùn yín." Nínú oṣù márùn-ún yẹn, mẹ́ta ló fi kọ áàpù. Méjì tó kù, àwọ̀ ló fi ń yàn fún un.

Àwọ̀ náà rẹwà, èèyàn ò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí Docteur Hàdìzà rí i, orí rẹ̀ wú. Docteur yìí ló ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Plateau ní Niamey, ogójì àgbàlagbà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń gbàgbé oògùn. Ó ní kí Yínká kọ́kọ́ fi Ìrántí sórí fóònù ẹnìkan ṣoṣo. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò fi í sórí fóònù gbogbo ogójì. Láti ọjọ́ náà ni Yínká kò ti lè sùn dáadáa mọ́. Ogójì èèyàn. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí ju ogójì èèyàn yẹn lọ.

Ẹni tí wọ́n mú kò jìnnà. Bàbá Àdìsá ni, ẹ̀gbọ́n bàbá Yínká, tí gbogbo ọmọ inú ẹbí ń pè ní Bàbá Gamkalley nítorí pé etí odò ní Gamkalley ló ń gbé, tó ń gbin salad àti àlùbọ́sà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Plateau kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀: bí wọ́n bá ti fún un ní àṣẹ, ó ń tẹ̀ lé e ni, kì í fi kún un, kì í yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ ti pẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ìgbà náà, ó gbàgbé pé òun ti lo oògùn òwúrọ̀, ó tún un lò, gbogbo ọjọ́ náà ló sì fi sùn bí ọmọ ìkókó.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí Yínká fi Ìrántí sórí fóònù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan.

"Bàbá, bó bá dún, ẹ lò ó. Bí ò bá dún, ẹ má fọwọ́ kàn án o, kí ẹ má baà tún lò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá wí. Ó sì ti gbọ́ lóòótọ́.

Aago méje òwúrọ̀ àti aago méje ìrọ̀lẹ́ ni oògùn Bàbá. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni Yínká máa ń lọ sí Gamkalley láti wo bí áàpù náà ṣe ń ṣe. Á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé, sà. Ara le bí?"

"A dúpẹ́."

"Ìyá ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Salad ńkọ́? Application yẹn ńkọ́, ó ń marche, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. A dúpẹ́ gan-an ni."

Yínká á gba fóònù, á ṣí Ìrántí, á wo àwọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dá a padà. Bó bá di aago méje ìrọ̀lẹ́, á dún ketekete, Bàbá á lo oògùn, inú Yínká á dùn. Bó bá délé, á kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ọ̀sẹ̀ kìíní: ó dára." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dára. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dára púpọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Yorùbá ti mọ ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ohun tí a bá bi èèyàn nígbà tí a wà lórí ìkúnlẹ̀ ìkíni, a kò bi í ní nǹkan kan. Bí atẹ́gùn bá ti ṣí òrùlé ọkùnrin kan lọ, tí ẹ bá bi í pé ilé ńkọ́, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ ná kó tó mú yín wọlé lọ wo sánmà. Yínká mọ ìkíni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó mú Bàbá lọ sí Plateau. Docteur Hàdìzà fi ẹ̀rọ di apá Bàbá, ó wò ó, ó tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n kó páálí oògùn wá, ó da oògùn tó kù sórí tábìlì, ó ń fi ìka tì í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélógún ló ṣẹ́kù nínú oògùn tó yẹ kí ó ti tán.

"Yínká," ni Docteur wí, "ṣé ó ń dún ni àbí kì í dún?"

"Ó ń dún, Docteur. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń dún lójú mi. Bí kò bá dún nígbà mìíràn, fóònù ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé fóònù ni?"

Docteur kó oògùn padà sínú páálí. Ó ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kí Yínká wá sọ fún òun ibi tí àrùn náà wà. Bó bá jẹ́ fóònù ni, kí ó wá sọ irú fóònù tí àwọn àgbàlagbà òun kò gbọdọ̀ rà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bó bá jẹ́ áàpù ni, kí ó sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀, òun á padà sórí kíkọ ìwé lẹ̀ mọ́ ògiri fún wọn. Ní gbogbo àkókò yìí Bàbá jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wo àwòrán ọkàn ènìyàn tó wà lára ògiri bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Yínká gba fóònù Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kékeré kan ṣe pààrọ̀ fún un, ó sì bẹ Ìyá Gamkalley, ìyàwó Bàbá, pé kó máa fi aago ara ògiri ṣọ́ oògùn títí fóònù yóò fi padà dé. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Sódìq ní Maourey. Sódìq ló ń tún fóònù ṣe, òun ló sì ta ti Bàbá fún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Fóònù tí mo bá tà kì í ṣàìsàn," ni Sódìq wí, kò tíì gbà á wò. "Áàpù rẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì wò ó."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Bí aago tó bá fóònù wá látilẹ̀ bá ń dún, tí tìẹ kò dún, ta ló ṣẹ̀?"

Wọ́n yan aago inú fóònù náà sí ìṣẹ́jú méjì, ó dún. Sódìq na ọwọ́ méjèèjì bí adájọ́ tó ti parí ẹjọ́. Yínká náà yan Ìrántí sí ìṣẹ́jú méjì, ó dún. Òun náà na ọwọ́ tirẹ̀. Àwọn tó wá ra ṣájà dúró ń wò wọ́n, wọn kò mọ ẹni tí wọn ì bá dá láre. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan. Olúkúlùkù ti mọ ọ̀daràn kó tó jí láàárọ̀.

Yínká gba fóònù mìíràn lọ́wọ́ Sódìq, irú ti Bàbá gẹ́lẹ́, ó fi Ìrántí sórí rẹ̀. Ó fi sórí tirẹ̀ náà. Ó tò wọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Túsìdeè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún láàárọ̀, wọ́n dún nírọ̀lẹ́. Wẹ́sìdeè, wọ́n dún. Tọ́sìdeè, wọ́n dún débi pé màmá rẹ̀ ní kó kó wọn jáde nílé òun. Ó jẹ́ kí bátìrì ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó dún. Ó gbé ọ̀kan sí oòrùn Niamey títí ó fi gbóná bí ìkòkò orí iná, ó dún.

Áàpù kò ní àrùn, bẹ́ẹ̀ ni fóònù kò ní. Ó wá ku ẹnìkan. Yínká kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń rò ó: Bàbá ni. Àgbàlagbà ni, ó ń gbọ́ ọ, ó ń pa á lẹ́nu mọ́, ó sì ń gbàgbé. Ojú tì í pé òun rò bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì tún dùn díẹ̀. Èyí tó dùn níbẹ̀ ló yẹ kó tì í lójú jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé fóònù Bàbá lọ sí Gamkalley kí ó tó di àkókò ìrun ọ̀sán. Ó bá Bàbá nínú agbádá funfun, ó ń múra mọ́ṣáláṣí. Bàbá gba fóònù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tú u sílẹ̀, títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Ó wá tì í sínú àpò.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn, sà?"

"Mo pa á ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn mú ohùn rẹ̀ kúrò?"

Ìyá Gamkalley, Kúbúrátù, tó ń fọ salad lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun ló sọ ìtàn náà. Ní ọdún tó kọjá, Bàbá mú ohùn fóònù kúrò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wọ mọ́ṣáláṣí lọ, ó jókòó sí sàfù kejì, ìlà kejì láti iwájú. Lẹ́màámù ń wàásù nípa ikú. Bó ṣe ní kí olúkúlùkù rántí sàréè rẹ̀, orin fíìmù Íńdíà bẹ̀rẹ̀ nínú àpò Bàbá, obìnrin kan ń kọrin ìfẹ́ sókè pátápátá. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́, ohùn ń ròkè sí i. Lẹ́màámù dákẹ́ títí orin fi parí.

"Láti ọjọ́ náà," ni Bàbá wí, kò rẹ́rìn-ín, "n kì í bá a ṣeré mọ́. Mo ń pa á ni. Bí mo bá dé, mo tún un tàn."

Ó lọ. Yínká jókòó sórí àpótí. Ó ti ń fura sí nǹkan kan, kò sì fẹ́ gbà á. Nígbà tí Bàbá dé, ó tan fóònù lóòótọ́. Yínká kò bá a ṣí áàpù bó ti máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ sábẹ́ itan, ó dúró. Aago mẹ́fà lọ. Wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́. Aago méje lù, ó kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá ń jẹ ẹ̀pà, kò wo apá ibi tí páálí oògùn wà rárá.

"Bàbá, oògùn ńkọ́, sà?"

"Kò tíì dún."

"Ṣé ó máa ń dún lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Rárá o. Lẹ́yìn ọ̀sán Jímọ̀ kì í dún mọ́, àfi bí o bá dé ní Sọ́ńdè."

Yínká rọra bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá.

"O ò bi mí," ni Bàbá wí. "Mo sì rò pé bí o ṣe ṣe é nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba náà, bí ọ̀sán Jímọ̀ bá ti tó, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Mo ní ó ń gba ìsinmi ni. Ìwọ lo sì sọ fún mi pé bí kò bá dún, kí n má fọwọ́ kàn án."

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Sátidé lẹ́ẹ̀mejì, àárọ̀ Sọ́ńdè. Mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹni tó ń gbàgbé nǹkan kan ní Gamkalley. Àṣẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀.

Yínká ti mọ ibi tí àrùn wà. Bí áàpù bá fẹ́ dún ní aago méje, ó máa ń bẹ ètò tó ń darí fóònù pé, "Jọ̀ọ́, jí mi ní aago méje." Ètò náà á gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa fóònù pátápátá, ètò náà á gbàgbé gbogbo ẹ̀bẹ̀ àwọn áàpù. Bí wọ́n bá tún un tàn, ó di dandan kí áàpù tún ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bẹ̀. Ìrántí kì í tún un bẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá fọwọ́ ṣí i, ẹni tó sì ń ṣí i ni Yínká, ní gbogbo Sọ́ńdè, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó fi to àwọn fóònù sórí tábìlì, kò pa ọ̀kankan rí. Ta ló ń pa fóònù láyé ìsinsìnyí? Ó wà nínú ìwé ìlànà tí àwọn aláàpù ń kà, ó ti kà á, ó ní òun á ṣe é bí òun bá yan àwọ̀ tán.

Ní Sátidé, ó tún un ṣe. Ìlà mọ́kànlá péré ló fi kún áàpù. Ó pa fóònù, ó tàn án, ó dún. Ó ṣe é nígbà ogún. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó ń ro ohun tí òun yóò sọ fún Docteur. Bó bá ní, "Ètò fóònù ló pa á rẹ́," irọ́ kọ́. Docteur kò mọ ìwé ìlànà. Yóò gbà á, ogójì èèyàn yóò sì wọlé.

Ní Mọ́ńdè, níwájú Docteur, kí Yínká tó jókòó dáadáa, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé akọ̀wé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Docteur, c'est moi, èmi ni. Àgbà ti dé. Mo ń gbàgbé ni. Nǹkan ọmọ yìí kò ní àlébù kankan."

Docteur mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, dídákẹ́ nìkan ni Yínká ní láti ṣe kí tirẹ̀ fi dára. Ó wo ọwọ́ Bàbá lórí tábìlì, amọ̀ ebè ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

"Bàbá kò gbàgbé," ló wí. "Áàpù mi ló gbàgbé. Bí wọ́n bá pa fóònù, ètò inú rẹ̀ máa ń pa gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ́. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, mo sì mọ̀. Èmi ni n kò kọ ohun tó yẹ kí n kọ. Sódìq ní áàpù ni, òótọ́ ló sọ. Mo sì rò pé Bàbá ló ń gbàgbé. Ẹ dárí jì mí, sà."

Docteur fi bírò sílẹ̀. Ó bèèrè bóyá ó ti tún un ṣe, Yínká ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ogójì kò ní í ṣeé ṣe lọ́dún yìí. Bàbá nìkan ni yóò tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn, kí Yínká má sì fọwọ́ kàn án rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbàlagbà márùn-ún. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, ogójì.

Ó dun Yínká dé egungun. Nínú táàsì tó ń gbé wọn padà sí Gamkalley, ó kọjú sí ìta.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Plateau yìí," ni Bàbá wí. "N kò rí ẹni tó ní òun jẹ̀bi láìjẹ́ pé wọ́n mú un. O ò lè rí iṣẹ́ ìjọba ṣe mọ́ báyìí."

Yínká rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí odò lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún sọ̀rọ̀.

"Sátidé tó ṣáájú ìgbà tí Docteur ka oògùn, òòyì kọ́ mi láàárín ebè. Mo ṣubú sórí salad. N kò mọ ibi tí mo wà títí oòrùn fi yí sí mi lójú. Ìyá yín kò mọ̀, Docteur kò mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo fura pé ìsinmi yẹn kì í ṣe ìsinmi."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, wọ́n á ní nǹkan tí ọmọ mi ṣe ló fẹ́ pa mí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. "Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá lè sọ tirẹ̀ ní gbangba, kí ni èmi àgbà tún ń fi tèmi pamọ́ fún?"

Yínká na ọwọ́ kan èjìká onítáàsì, ó fi Zarma sọ fún un pé kó yí padà sí Plateau. Bàbá ní òun kò tíì bomi rin salad láàárọ̀ yìí. Yínká di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Docteur.